Ìyá Olóbì àti Ìwé Gbèsè Mi: Oṣù Márùn-ún Oògùn Inú ní Ṣàgámù

Ìwé gbèsè ni mo fi rántí gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí. Ìwé kékeré kan ni, inú rẹ̀ ni mo máa ń kọ orúkọ ẹni tó bá gba oògùn láwìn sí, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye. Owó nìkan ni mo rò pé mò ń ṣírò. Ìgbà tí Ìyá Olóbì dé ilé ìwòsàn tí dókítà ní kí n sọ gbogbo oògùn tó ti ń lò ni mo tó ṣí ìwé náà láti ẹ̀yìn wá síwájú, mo sì rí i pé àìsàn ìyá náà ni mo ti ń kọ láti oṣù kẹsàn-án, ní ìlà kọ̀ọ̀kan, láìmọ̀.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ní Ṣàgámù, lójú ọ̀nà tí èèyàn ń gbà lọ sí Sábó, níbi tí àwọn ará Rẹ́mọ ti ń ta obì gbànja fún àwọn Hausa tó ń kó o lọ sí Òkè Ọya. Èmi kì í ṣe apòògùn, mi ò sì ṣe nọ́ọ̀sì rí. Ìwé àṣẹ tí mo ní ni ti àwọn tó ń ta oògùn tí kò gba ìwé dókítà, inú páálí tí wọ́n fi kó o wá la sì gbọ́dọ̀ ti tà á. A ò gbọ́dọ̀ gún abẹ́rẹ́, a ò gbọ́dọ̀ fa omi sí ẹnikẹ́ni lára. Síbẹ̀, "dókítà" ni ìdajì àwọn oníbàárà mi ń pè mí, ó sì ti pẹ́ tí mo ti dẹ́kun àtimáa tún un ṣe fún wọn.

Ìyá tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ti fún mi láyè kí n kọ ọ́. Ó ní kí n má ṣáà dárúkọ òun. Ìyá Olóbì ni màá máa pè é. Ọmọ ọdún 63 ni, opó ni, ó sì ti wà nídìí obì láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ obì yóò rò pé kí èèyàn rà kó sì tà ni. Wọ́n á kó obì tútù wá láti abúlé pẹ̀lú awọ funfun lára rẹ̀. Wọ́n á rẹ ẹ́ kí awọ náà lè bó, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì ṣà á níkọ̀ọ̀kan. Ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀, èyí tí kòkòrò ti dá lu lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tò ó sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ti fi ewé tẹ́. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, orí àpótí kékeré ni ìyá yìí ń jókòó sí, orúnkún rẹ̀ á ká sókè dé àyà. Bí ó sì ti ń ṣà á ni yóò máa jẹ èyí tó bá dá sí méjì, inú òfìfo, nítorí obì kì í jẹ́ kí ebi tètè pa èèyàn. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á fi orúnkún yẹn àti obì inú òfìfo yẹn sọ́kàn.

Ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé mi ni ọjọ́ 9, oṣù kẹsàn-án: "Ìyá Olóbì, iyọ̀ tó ń hó, ọ̀rá 2." Mo rántí ọjọ́ náà. Ó ní, "Ọmọ mi, oúnjẹ ò dà nínú mi. Inú mi ń wú, àyà ń ta mí, omi kíkan ń bọ̀ lọ́nà ọ̀fun." Mo bi í ohun tó jẹ. Gàrí Ìjẹ̀bú ni, ó fi ẹ̀pà mu ún. Mo ní, "Ìyá, gàrí yẹn ti kan jù," mo sì fún un ní iyọ̀ náà. Ó da ọ̀rá kan sínú ife omi lójú mi, ó mu ún bó ti ń hó lọ́wọ́, ó sì gùfẹ̀ tó lágbára. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ara ti tu òun.

Ìgùfẹ̀ yẹn ló ń tan gbogbo wa jẹ. Ohun tó wà nínú irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ ni sodium bicarbonate, wọ́n sì fi ìyẹ̀fun kíkan bíi ti omi ọsàn sí i. Bí omi bá ti kàn án, àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í jà, afẹ́fẹ́ á sì máa jáde. Èyí tó bá kù á tún lọ bá omi kíkan tó wà nínú ikùn, afẹ́fẹ́ mìíràn á tún jáde. Iyọ̀ náà gan-an ló bí afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń gùfẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mu ún á gbà pé àìsàn ló ń jáde lẹ́nu òun. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun láàárín wa: káún tí àwọn ìyá wa ń rẹ, tí wọ́n ń fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí kó lè hó, irú ìjà kan náà ló ń ṣe nínú ife. Àǹfààní wà níbẹ̀. Ẹni tó jẹun jù níbi ìnáwó lálẹ́ ọjọ́ kan, kó mu ún, kó sùn. Ibi tí ìyọnu wà ni ìgbà tí ẹnì kan náà bá padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àti lọ́sẹ̀ kejì rẹ̀.

Ìyá Olóbì padà wá. Ọjọ́ 14, ọ̀rá 3. Ọjọ́ 20, ọ̀rá 3. Ọjọ́ 27, ọ̀rá 5. Bí mo ti ń ka àwọn ìlà yẹn báyìí, ó ń dùn mí. Iye ọ̀rá ń pọ̀ sí i, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí kò padà wá. Ẹni tó bá mọ ìwé kà ló yẹ kó rí i. Mo mọ ìwé kà.

Ní oṣù kẹwàá, mo yí oògùn padà fún un. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta Mist Mag fún un, oògùn funfun inú ìgò yẹn tí a máa ń ní kí wọ́n mì dáadáa kí wọ́n tó mu. Oògùn tó dára ni: magnesium tó wà nínú rẹ̀ ń pa omi kíkan inú ikùn, ó sì rọra ju iyọ̀ tó ń hó lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe kì í pẹ́. Bí èèyàn bá mu ún ní inú òfìfo, bí ìdajì wákàtí ni yóò fi ṣiṣẹ́. Bó bá mu ún lẹ́yìn oúnjẹ, ó lè tó wákàtí méjì sí mẹ́ta. Mo wí fún un pé ṣíbí méjì lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹnu ìgò ló ń gbà mu ún. Ìgò kan tó yẹ kó lò fún ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń mu ún tán. Inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, nítorí magnesium máa ń da inú rú báyẹn, ni mo bá tún fún un ní oògùn àbùjẹ tó ní aluminium nínú, èyí tó máa ń ki ìgbẹ́. Mo rò pé mo gbọ́n.

Lára pátákó tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n kọ "Patent Medicine" sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti bi mí ohun tó túmọ̀ sí, èmi náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ àfi ìgbà tí mo wá a kà. Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá ní àdàlù oògùn á lọ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọba pé òun nìkan ni yóò máa tà á. Lára àwọn tó kọ́kọ́ gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni Richard Stoughton, ní 1712. Oògùn rẹ̀ sì jẹ́ omi egbòogi kíkorò fún inú. Nígbà tí mo ka èyí, mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo wo àtẹ mi. Ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí irú àwa ontàjà yìí ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé inú wọn á tù, tí àwọn náà ń sanwó, tí wọ́n ń lọ, láìsí ẹni tó wò wọ́n lójú.

Oṣù kọkànlá ni obì dé tán. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ wọn máa ń pọ̀ jù, ọkọ̀ ńlá á tò sí Sábó, wọ́n á máa di apẹ̀rẹ̀ di alẹ́. Ẹ̀fọ́rí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Ìyá Olóbì. Ìwé mi sọ pé láàárín oṣù kọkànlá àti oṣù kejìlá, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo ta ìyẹ̀fun ẹ̀fọ́rí fún un. Aspirin àti caffeine ló wà nínú irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀. Caffeine yẹn kan náà ló wà nínú obì tó ń jẹ láti àárọ̀. Mo ta ìyẹ̀fun yẹn àti Mist Mag fún un lọ́jọ́ kan náà, sínú ọ̀rá kan náà, nígbà mẹ́rin. Ìlà náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ mi.

Kí ló dé tí èyí fi burú? Inú ikùn wa ní ohun yíyọ̀ kan tó bò ó, bí ọbẹ̀ ilá, òun ni kì í jẹ́ kí omi kíkan tó ń da oúnjẹ da ara ikùn fúnra rẹ̀. Aspirin àti ọ̀pọ̀ oògùn ìrora tó bá a tan, bí ibuprofen, diclofenac àti piroxicam, ń dí ara lọ́wọ́ láti máa ṣe ohun yíyọ̀ náà. Bí ó bá ti tín-ín-rín, omi kíkan á kan ẹran, ọgbẹ́ á sì dá síbẹ̀. Aspirin tún máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dì. Ewu náà pọ̀ sí i fún ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Èyí tó sì yà mí lẹ́nu jù nígbà tí dókítà sọ ọ́ ni pé ọgbẹ́ irú èyí lè má dun àgbàlagbà rárá: oògùn ìrora tó dá ọgbẹ́ náà sílẹ̀ ló tún ń pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀fọ́rí nìkan ni mo mọ̀. Mi ò mọ̀ nípa orúnkún, nítorí kò sọ fún mi, èmi náà kò sì bi í. Ọkùnrin kan wà tó máa ń wá sí ọjà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ń polówó oògùn làkúrègbé. Inú ọ̀rá kékeré tí kò ní orúkọ ló ń di oògùn náà sí, kápúsù kan, oníhóró méjì, ká lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́. Láti oṣù kẹjọ ni Ìyá Olóbì ti ń lò ó. Oṣù kan gbáko kó tó kọ́kọ́ wá ra iyọ̀ lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ti bi í lọ́jọ́ kìíní pé, "Ìyá, oògùn wo lẹ tún ń lò?" ìdáhùn ti wà lápò ìró rẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ohun tí mo sì fi oṣù márùn-ún ṣe gan-an nìyẹn.

Ní ìparí oṣù kejìlá, ó ní ó ń rẹ òun, pé bí òun bá rìn láti ilé dé ìsọ̀, ọkàn òun á máa lù kìkì. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló yẹ kó jí mi. Mo ní iṣẹ́ obì ló pọ̀ jù, mo sì fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, ti irin yẹn, ọgbọ̀n kápúsù. Mo tún kìlọ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń kìlọ̀ fún gbogbo èèyàn: "Ìyá, bí ìgbẹ́ yín bá dúdú, ẹ má bẹ̀rù, oògùn yìí ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀." Òótọ́ ni mo sọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ yẹn ló bo ọ̀nà mọ́lẹ̀. Oògùn irin máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú tàbí dúdú aláwọ̀ ewé, ó máa ń le díẹ̀, òórùn rẹ̀ kì í sì yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ìgbẹ́ ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú ikùn dúdú bí ọ̀dà, ó ń dán, ó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, òórùn rẹ̀ sì ṣàrà ọ̀tọ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ikùn ti dà bí oúnjẹ ni. Mi ò sọ ìyàtọ̀ yẹn fún un. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ náà pọ̀ mọ́ Mist Mag, magnesium sì máa ń dí irin lọ́nà kí ara má lè gbà á. Nítorí náà, kódà oògùn tó yẹ kó ràn án lọ́wọ́ kò ráyè ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ náà jẹ́ òwúrọ̀ ọyẹ́ nínú oṣù kìíní. Ó dé, ó fi ọwọ́ di férémù ilẹ̀kùn mú, ó ń mí kárakára bí ẹni tó sáré.

"Ọmọ mi, bá mi mú iyọ̀ yẹn, ọ̀kan péré."

Mo ti na ọwọ́ sí i. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ jókòó ná. Kí ló ṣe ètè yín tó funfun báyìí?"

Mo gbójú sókè. Títí di ọjọ́ yẹn, ọwọ́ ìyá náà ni mo máa ń wò bí ó bá ń gba oògùn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì máa ń pọ́n, nítorí oje obì ti wọ̀ ọ́ lára láti ọdún mọ́dún. Ẹni tó bá ń fi àtẹ́lẹwọ́ wo ẹ̀jẹ̀ kò lè rí nǹkan kan lára oníṣẹ́ obì. Mo fà awọ abẹ́ ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ó funfun bí ẹ̀kọ. Ahọ́n rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ bi yín. Báwo ni ìgbẹ́ yín ṣe rí?"

Ó wo ọmọ iṣẹ́ mi. Mo rán ọmọ náà lọ ra omi.

"Ó dúdú."

"Ṣé bíi ti oògùn ẹ̀jẹ̀?"

"Ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì ló jọ. Ó ń lẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi ò lè wọ ilé ìyàgbẹ́ lẹ́yìn mi."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo rò pé oògùn yẹn ni. Ìwọ náà lo sọ bẹ́ẹ̀."

Mi ò ní gbàgbé gbólóhùn yẹn. Kò fi bú mi. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń rán mi létí ìlérí.

Mo pe ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Èkó. Ohun tó sọ kò yà mí lẹ́nu, nítorí gbogbo wọn ló máa ń sọ ọ́: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fa omi sí wọn lára níbẹ̀, kí ẹ fún wọn ní abẹ́rẹ́ ulcer. Bí mo bá dé lọ́jọ́ Sátidé, màá wá san án." Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ̀jẹ̀ ló ń dà nínú wọn, kì í ṣe omi ni wọ́n nílò. Bí ẹ bá dúró di Sátidé, ẹ lè má bá wọn." Ó dákẹ́. Ó ní òun ń bọ̀. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, a wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di ilé ìwòsàn ńlá. Kí a tó kúrò, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi sáré lọ sí ilé ìyá náà lọ kó gbogbo oògùn tó bá rí wá, títí kan àgúnmu. Ìwé gbèsè mi náà wà nínú báàgì mi. Ohun méjì yẹn wúlò fún dókítà ju gbogbo àlàyé tí mo ṣe lọ.

Ìdá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ (PCV, ìyẹn ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ọgọ́rùn-ún ìdá ẹ̀jẹ̀) jẹ́ 19. Obìnrin tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá máa ń ní 36 sókè. Wọ́n fà páìntì ẹ̀jẹ̀ méjì sí i lára. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní kámẹ́rà lẹ́nu gba ọ̀fun rẹ̀ lọ sínú ikùn, wọ́n sì rí ọgbẹ́ méjì. Wọ́n gé ẹran bíńtín lára ojú ọgbẹ́ náà lọ yẹ̀ wò bóyá jẹjẹrẹ ni. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Mo sunkún lọ́jọ́ tí èsì yẹn dé.

Nínú ọ̀rá oògùn làkúrègbé tí ọmọ iṣẹ́ mi rí lábẹ́ ìrọ̀rí, orúkọ piroxicam wà lára kápúsù náà. Àwọn oníhóró méjì yòókù kò ní àmì kankan. Dókítà fura pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ irú oògùn steroid tí wọ́n sábà máa ń pò mọ́ àdàlù báyìí kí ìrora lè tètè lọ. Bí irú rẹ̀ bá sì pàdé oògùn ìrora nínú ikùn, ọgbẹ́ á tètè dá. Aspirin ti ọwọ́ mi ló tún wá gorí wọn.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Helicobacter pylori, wọ́n sì rí i. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ gbọ́, ó ní, "Dókítà, ata àti gàrí kíkan ni mo rò pé ó fà á." Èmi náà ni mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ̀ lóṣù kẹsàn-án. Gàrí tó kan lè ta ọgbẹ́ tó ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló dá a. Gbogbo ayé ló gba ata àti àìbalẹ̀ ọkàn gbọ́ nígbà kan rí, àwọn dókítà pàápàá, títí ọkùnrin méjì ní Ọsirélíà, Robin Warren àti Barry Marshall, fi rí kòkòrò yìí nínú ikùn àwọn aláìsàn. Àwọn èèyàn kò gbà wọ́n gbọ́. Ní 1984 Marshall mu ife omi tí kòkòrò náà kún inú rẹ̀, inú rẹ̀ sì dà rú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní 2005 wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel. Mo sọ ìtàn yìí fún Ìyá Olóbì lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó ní, "Ó mu ún fúnra rẹ̀?" Ó mi orí. Ó ní ìyá ọkùnrin náà yóò ti rí nǹkan.

Kòkòrò yẹn ni Mist Mag kò lè pa, bí èèyàn tilẹ̀ mu àgbá kan. Iyọ̀ tó ń hó kò lè pa á. Oògùn apakòkòrò méjì pẹ̀lú omeprazole, oògùn tó ń dín omi kíkan inú ikùn kù, fún ọjọ́ 14 láìfo ọjọ́ kan, ni wọ́n kọ fún un, omeprazole náà sì tẹ̀ síwájú lẹ́yìn ìyẹn kí ojú ọgbẹ́ lè san. Irú apakòkòrò bẹ́ẹ̀ kò sí lára ohun tí ìwé àṣẹ mi fún mi láyè láti tà. Mo máa ń rí àwọn tó ń wá béèrè hóró mẹ́rin, hóró mẹ́fà, "ti ulcer yẹn." Àbọ̀ oògùn yìí burú ju àìlò rẹ̀ lọ, torí kòkòrò tó bá yè á kọ́ bí a ti ń sá fún un.

Wọ́n tún bá a wí nítorí iyọ̀. Ìyá Olóbì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, sodium tó wà nínú iyọ̀ tó ń hó sì ń ṣiṣẹ́ lòdì sí i. Èyí náà, mo mọ̀ ọ́n. Ó wà lára páálí. Mi ò ronú kàn án.

Oṣù méjì àti ààbọ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n tún yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò. Kòkòrò ti lọ. Orúnkún ṣì ń dùn ún. Paracetamol ni wọ́n ní kó máa lò, ní ìwọ̀n, kó máa fi aṣọ gbígbóná lé e, kó sì dẹ́kun àtimáa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kan àpótí gíga kan fún un, wọ́n sì gbé apẹ̀rẹ̀ obì lé orí tábìlì níwájú rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìsọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti di ọ̀gá báńkì. Méjì nínú wọn ti kan tiwọn.

Ní ṣọ́ọ̀bù mi, ẹnikẹ́ni tó bá ní kí n fún òun ní oògùn inú rírun, àyà títa tàbí oúnjẹ tí kò dà, ìbéèrè ni màá kọ́kọ́ fi dá a lóhùn. Oògùn wo lẹ tún ń lò, fún orúnkún, fún ẹ̀yìn, fún orí, títí kan ti inú ọ̀rá? Ìgbà mélòó rèé tí inú yìí ti ń yọ yín lẹ́nu? Ṣé ẹ ti ń rù? Ṣé oúnjẹ ń há yín lọ́fun? Ṣé ẹ ti bì rí, tí ó ní ẹ̀jẹ̀ tàbí tí ó dà bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí? Lẹ́yìn náà ni màá béèrè nípa ìgbẹ́, mo sì ti kọ́ bí a ṣe ń béèrè rẹ̀ lóhùn pẹ̀lẹ́, nígbà tí kò sí ẹlòmíràn nítòsí. Bí ẹni tó lé ní àádọ́ta ọdún bá ní àyà ń ta òun, tí ó sì ń làágùn tàbí tí apá ń ro ó, mi ò ní ta nǹkan kan fún un, nítorí ọkàn lè máa pa èèyàn lọ kó jọ inú rírun. Ẹni tó bá wá ra oògùn inú nígbà kẹta láàárín oṣù kan, mo máa ń ṣí ìwé náà hàn án, mo sì ń kọ orúkọ ibi tí yóò lọ fún un. Àwọn kan ń bínú. Obìnrin kan sọ fún mi níṣojú àwọn èèyàn pé oògùn lòun wá rà, òun ò wá ṣe ìdánwò. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Owó tí mò ń pa lórí oògùn inú ti dín kù, mi ò ní purọ́.

Ní oṣù kẹrin, Ìyá Olóbì wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé obì gbànja márùn-ún tó ní ìlera wá fún mi nínú ewé. Ó jókòó, ó ní kí n ṣí ìwé náà. Gbèsè tó kù lọ́rùn rẹ̀ jẹ́ ₦4,350. Mo ní mo ti fà á rẹ́, pé mi ò lè gba owó yẹn. Ó wò mí.

"Ọmọ mi, mo mu ún, àbí mi ò mu ún?"

"Ẹ mu ún, Ìyá."

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n sọ pé mo jẹ gbèsè ní Sábó?"

Ó ka owó náà lé mi lọ́wọ́, pẹ̀lú ọwọ́ tí oje obì ti pọ́n. Mo kọ ọ́ pé ó ti san. Mo wá bi í ohun tí mo ti ń bi gbogbo èèyàn láti oṣù náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó fèsì, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ ìlà tó kẹ́yìn: "Ìgbẹ́ ti padà sí àwọ̀ rẹ̀."